Ojúkòkòrò Kọ́ Ló Ń Sọ Sọ̀wédowó Ayédèrú Di Owó

Tí ìròyìn bá ti jáde pé wọ́n fi sọ̀wédowó ayédèrú lu ọmọ wa kan ní jìbìtì ní Houston tàbí ní Maryland, ìdájọ́ kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu pásítọ̀, lẹ́nu lèmọ́mù àti lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò: ojúkòkòrò ló fà á. Wọ́n á ní ẹni tó wá ìfà ló rí òfò, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ náà tì síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti wádìí rẹ̀ délẹ̀. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà náà ní irú rẹ̀; ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé olóòótọ́ ènìyàn kì í bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Èmi kò gbà. Ìdájọ́ yìí kò bá bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ mu, èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń ṣíji bo àwọn tó yẹ ká bi léèrè ọ̀rọ̀: báńkì tó fi owó tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì gbà hàn nínú àkáǹtì oníbàárà, àti òfin tó ní bí owó náà bá já sí òfo, oníbàárà ni kó san án.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí àwọn tó ń yára dájọ́ kì í sábà wò ó. Ẹnìkan fẹ́ ta àga ìjókòó rẹ̀ ní 600 dọ́là, ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ní òun fẹ́ rà á fi cashier's check ránṣẹ́, ìyẹn sọ̀wédowó tí báńkì fúnra rẹ̀ máa ń kọ tó sì máa ń dúró fún, ṣùgbọ́n 2,600 dọ́là ló wà lórí rẹ̀. Ó ní akọ̀wé òun ló ṣèèṣì ka owó àwọn tó máa wá kó ẹrù mọ́ ọn, ó wá bẹ olùtajà pé kó jọ̀wọ́ fi 2,000 tó lé ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́rù. Olùtajà mú sọ̀wédowó lọ sí báńkì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó wo àkáǹtì, owó ti wà níbẹ̀, ó bá fi 2,000 ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sọ̀wédowó padà dé pé ayédèrú ni, báńkì yọ odindi 2,600 kúrò. Bí àkáǹtì kò bá gbà á, ó di gbèsè. Níbo ni ojúkòkòrò wà nínú èyí? Ká ní olójúkòkòrò ni olùtajà náà, ṣe ni ìbá gbé 2,000 náà pamọ́, tí kò sì ní dá ẹni tó fi ránṣẹ́ lóhùn mọ́. Bó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò ní sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí lọ́jọ́ tí sọ̀wédowó bá padà, owó tó ṣì wà nílẹ̀ ni báńkì á mú. Ẹni tó gbà láti dá owó olówó padà nìkan ló ń wọ gbèsè. Jìbìtì tó ń fo olójúkòkòrò dá, tó ń mú olóòótọ́, òun ni àwọn ènìyàn wa dìde lórí pẹpẹ tí wọ́n ń pè ní èrè ojúkòkòrò.

Èyí tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ṣe kò yàtọ̀. Wọ́n á ní àwọn ti gba ọ̀dọ́ kan síṣẹ́ láti máa tọ́jú ọmọ tàbí láti máa yẹ ilé ìtajà wò, wọ́n á fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ sí i kó fi ra gift card, kó sì ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọ̀gá. Ohun tí ọ̀gá ní kó ṣe ló ṣe. Mo gbà pé ìwọra ń bẹ nínú ẹ̀ka kẹta, ti lọ́tìrì tí ènìyàn kò ta rí tí wọ́n ní ó jẹ. Síbẹ̀, ìwọra kọ́ ló tẹ iye owó sójú àkáǹtì ẹni náà. Báńkì ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo èyí náà: ní 2019, owó tí àwọn ènìyàn fi tó àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà létí pé sọ̀wédowó ayédèrú gbà lọ́wọ́ wọn lé ní mílíọ̀nù 28 dọ́là. Bí a bá to àwọn tó pàdánù owó láti orí ẹni tó pàdánù díẹ̀ títí dórí ẹni tó pàdánù jù, ẹni tó bọ́ sí àárín pàdánù tó nǹkan bíi 2,000 dọ́là, owó ilé oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Àjọ náà tún rí i pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó wà láàárín ogún ọdún sí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sọ pé àwọn pàdánù owó ní ìlọ́po tó ju méjì lọ, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tó ti pé ọgbọ̀n ọdún sókè. Kí àwọn elérò ojúkòkòrò wá ṣàlàyé èyí fún wa. Àbí ojúkòkòrò a máa fi ènìyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ ọgbọ̀n? Ohun tó ya àwọn ọ̀dọ́ yìí sọ́tọ̀ ni pé orí fóònù ni wọ́n bá owó ní. Ìwé sọ̀wédowó kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá lọ́wọ́ wọn rí, wọn kò sì mọ̀ pé iye tó hàn lójú fóònù lè jẹ́ owó tí kò tíì sí.

Báwo ni owó tí kò sí ṣe ń hàn? Láyé àtijọ́, báńkì Amẹ́ríkà lè so owó sọ̀wédowó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ gbọọrọ, kó máa fi í jẹ èrè nígbà tí ebi ń pa ẹni tó ni ín. Ní 1987, ilé aṣòfin ṣe òfin kan, Expedited Funds Availability Act, láti fòpin sí ìyẹn; òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988, ìlànà tí Federal Reserve, ìyẹn báńkì àgbà ti Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ lórí rẹ̀ ló ń jẹ́ Regulation CC. Bí ẹni tí wọ́n kọ cashier's check fún bá fà á lé akọ̀wé báńkì lọ́wọ́ lójúkojú, ọjọ́ iṣẹ́ kejì ni owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé ná. Fún sọ̀wédowó yòókù, wọ́n ní kí báńkì kọ́kọ́ tú díẹ̀ sílẹ̀: 100 dọ́là ni nígbà yẹn, ó ti di 275 láti oṣù July 2025. Òfin rere ni. Ó gba tálákà lọ́wọ́ báńkì. Àmọ́ òfin mìíràn wà nílẹ̀, Uniform Commercial Code tí àwọn ìpínlẹ̀ gbà wọlé, tó fún báńkì lágbára láti gba owó náà padà lọ́wọ́ oníbàárà bí sọ̀wédowó kò bá mówó wá. Ọ̀kan ní kó fún un, èkejì ní kó lè gbà á padà. Àárín àwọn méjèèjì ni gbájúẹ̀ kọ́lé sí. Ohun tí báńkì ń ṣe láàárín àkókò yẹn, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, ni pé ó ń yá oníbàárà lówó láìsọ fún un pé àwìn ni. Kò sì sí ọjọ́ kan tí òfin ní kó pè é kó sọ pé: wò ó, báńkì tí wọ́n kọ sọ̀wédowó yìí lé lórí ti san án, owó ti di tìrẹ.

Nígbà tí ìwé ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, a lè fara mọ́ irú àìdánilójú bẹ́ẹ̀. Ní oṣù September 2001, nígbà tí wọ́n dá gbogbo bàálù dúró lẹ́yìn ìkọlù New York àti Washington, sọ̀wédowó kò rọ́nà lọ, owó tó há sáàárín àwọn báńkì fò sókè ju bílíọ̀nù 40 dọ́là lọ. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ilé aṣòfin ṣe òfin Check 21 ní 2003, pé kí àwòrán sọ̀wédowó máa rìnrìn àjò dípò ìwé. Láti ìgbà náà, wẹ́rẹ́ ni àwòrán ń gba orí kọ̀ǹpútà kọjá láti Atlanta dé Seattle. Ìrìn àjò yá. Ẹrù òfò kò kúrò lórí ẹni tí wọ́n gbé e lé nígbà ìwé àti bàálù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé aláìmọ̀kan àti oníwọra nìkan ni èyí ń bá, kó lọ wo ẹjọ́ Greenberg, Trager & Herbst. Ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni, ní New York. Ní 2007, ẹnìkan kàn sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ kí wọ́n bá òun gba gbèsè. Sọ̀wédowó 197,750 dọ́là tó ní orúkọ Citibank lórí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni náà ní kí wọ́n mú 10,000 gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ wọn, kí wọ́n fi 187,750 yòókù ránṣẹ́ sí Hong Kong. Àwọn agbẹjọ́rò náà kò sáré. Wọ́n pe báńkì wọn, HSBC, wọ́n bi í bóyá sọ̀wédowó náà ti kọjá. Báńkì ní ó ti “cleared.” Wọ́n fowó ránṣẹ́, sọ̀wédowó padà pé ayédèrú ni. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, ní 2011 àwọn adájọ́ sì dá báńkì láre: wọ́n ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí báńkì sọ yẹn kò dájú, kò sì tọ́ kí agbẹjọ́rò gbára lé e. Ẹ gbọ́ ná. Báńkì lo ọ̀rọ̀ tirẹ̀, lórí iṣẹ́ tirẹ̀, nígbà tí oníbàárà bi í ní ìbéèrè tààrà. Ilé ẹjọ́ wá ní oníbàárà ni kò yẹ kó gbà á gbọ́. Bí agbẹjọ́rò kò bá gbọdọ̀ gba ẹnu báńkì gbọ́, kí ni kí ìyá tó ń tọ́jú arúgbó lóru ní Bronx ṣe, tó jẹ́ pé ojú fóònù nìkan ló rí?

Wọ́n á ní kí ló dé tí kò yẹ ìwé náà wò dáadáa. Ìmọ̀ràn yìí pọ̀ káàkiri: ẹ gbé e sí iná kí ẹ rí àmì inú ìwé, ẹ wo bóyá etí rẹ̀ kan ní ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti ya á, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó wà nísàlẹ̀ bóyá ó bá orúkọ báńkì mu. Kò burú, ó ń mú àwọn ọ̀gbẹ̀rì nínú àwọn oníjìbìtì. Àmọ́ nọ́ńbà tó wà lórí ojúlówó sọ̀wédowó kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá ti rí ọ̀kan gbà rí lè tẹ ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀. Èyí tí wọ́n jí nínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ orúkọ inú rẹ̀ kúrò, ojúlówó ìwé ni, ojúlówó àmì ni, ojúlówó àkáǹtì sì ni. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó ní láárí ni ká pe báńkì tí wọ́n kọ ọ́ lé lórí, lórí nọ́ńbà tí a fúnra wa wá, kì í ṣe èyí tó wà lójú sọ̀wédowó, ká sì béèrè bóyá wọ́n kọ ìwé tó ní nọ́ńbà báyìí, iye báyìí, fún ẹni báyìí. Ìdí tí èyí fi níye lórí ni pé báńkì yẹn nìkan ló mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ èyí: wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ gbogbo sọ̀wédowó tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ sí báńkì wọn, kí báńkì fi wé èyí tó bá dé. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò wà, àwọn tó lè sanwó ni wọ́n ṣí i fún. Gbogbo àwọn yòókù ni wọ́n ní kí wọ́n gbé ìwé sí iná.

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Òfin òwò òyìnbó fúnra rẹ̀ ti mọ èyí láti ìgbà pípẹ́. Ní 1762, nínú ẹjọ́ Price àti Neal ní ìlú London, Lord Mansfield ní ẹni tí wọ́n kọ ìwé owó lé lórí ló yẹ kó mọ ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ sí i. Bó bá ti san owó náà fún ẹni tí kò mọ̀dí, kò lè pa dà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n inú ìdájọ́ yẹn rọrùn: ẹni tó ní ọ̀nà àtimọ̀ ni kó ru òfò àìmọ̀. Nípa sọ̀wédowó ayédèrú lónìí, ẹni tí kò ní ọ̀nà àtimọ̀ rárá ni wọ́n gbé e lé lórí, àwa sì ń bá wọn pe ọfọ̀ ojúkòkòrò lé e.

Ó ní ìdí tí ìdájọ́ ojúkòkòrò yìí fi ń dùn lẹ́nu àwa Yorùbá. Kò yẹ ká tan ara wa jẹ: lára àwọn sọ̀wédowó yìí, ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń tẹ̀ wọ́n. Ní 2007, àwọn ọlọ́pàá iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kéde iṣẹ́ tí wọ́n bá àwọn agbófinró Nàìjíríà àti ti orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe. Iye tí wọ́n kọ sórí ayédèrú sọ̀wédowó tí wọ́n gbà lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ìtìjú ńlá ni. Bí a bá wá ní ẹni tí wọ́n lù náà kò sàn ju ẹni tó lù ú lọ, ìtìjú náà á fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ọmọ Yahoo, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni. Ẹ bi í léèrè bí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ṣe ń jẹ́ kó sùn, á ní oníwọra lòun ń lù. Àwíjàre olè ni pásítọ̀ mú gun pẹpẹ láìmọ̀.

Ó tún ní ohun tí àwọn tó ń ti ilé dé ń mú bọ̀ tó ń kó bá wọn. Ní Nàìjíríà, ọlọ́jà ti jẹ ìyà fake alert, àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú pé owó ti wọlé, tó, ó ti kọ́ ọgbọ́n: má gba àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́, wọ inú àkáǹtì lọ wo owó. Ọgbọ́n gidi ni, torí pé nílé, owó sọ̀wédowó kì í ṣeé ná títí yóò fi kọjá láàárín àwọn báńkì, ẹni tó bá sì kọ sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn, òfin Dishonoured Cheques (Offences) Act ti 1977 lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ẹni tó gbé ọgbọ́n yìí dé Amẹ́ríkà wo inú àkáǹtì, ó rí owó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìṣọ́ra rẹ̀ gan-an ló mú un.

Bríténì fi hàn pé kò di dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Láti ìparí oṣù November 2007, àwọn báńkì ibẹ̀ gba ìlànà kan pé bí ọjọ́ iṣẹ́ kẹfà lẹ́yìn tí oníbàárà san sọ̀wédowó wọlé bá ti parí, báńkì kò lè gba owó náà padà mọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ lọ́wọ́ nínú jìbìtì náà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ṣiṣẹ́ ní oṣù October 2017, wọ́n mú ọjọ́ náà súnmọ́: kí aago méjìlá òru ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tó lù, owó ti gbọ́dọ̀ ṣeé ná, ó sì ti dájú. Ọmọ ìyá kan náà lè wà ní Peckham, kí èkejì wà ní Dallas, kí àwọn méjèèjì gba irú ayédèrú kan náà. Ti Peckham á mọ̀ lọ́jọ́ kejì bóyá owó wà tàbí kò sí, ti Dallas á wà nínú òkùnkùn títí gbèsè yóò fi kàn án. Ṣé àwa tó wà ní Dallas la wá ní ojúkòkòrò ju àwọn ti Peckham lọ ni?

Àtakò kan wà tó lágbára, mi ò sì ní fò ó. Wọ́n á ní bí báńkì bá ń ru òfò, àwọn oníbàárà á lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ olè. Kò jìnnà: ní oṣù August 2024, ọ̀rọ̀ kan jà ràn-ìn lórí TikTok pé ènìyàn lè kọ sọ̀wédowó òfo fún ara rẹ̀, kó san án sínú ẹ̀rọ báńkì Chase, kó sì fa owó yọ kó tó padà. Àwọn kan ṣe é. Nígbà tó di oṣù October, báńkì náà gbé díẹ̀ nínú wọn lọ sílé ẹjọ́. Àwọn yẹn ni olójúkòkòrò lóòótọ́, n kò bá wọn wá àwíjàre. Ṣùgbọ́n ìlànà Bríténì ti yọ irú wọn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, báńkì sì fi hàn pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń lépa wọn. Ihò tí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ yẹn gbà wọlé náà ni gbájúẹ̀ ń ti olóòótọ́ sí. Àwọn mìíràn á ní bí ẹ bá ní kí báńkì dúró fún owó, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́lẹ̀ bíi ti ṣáájú 1987, tálákà ni yóò sì jìyà. Mi ò ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀. Regulation CC ti gbà wọ́n láyè láti dá owó dúró bó bá pọ̀ jù tàbí bí wọ́n bá ní ìdí láti fura. Wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí wọ́n fura sí: ní 2022, àwọn báńkì fi ìròyìn ìfura lórí jìbìtì sọ̀wédowó tó lé ní 680,000 ránṣẹ́ sí FinCEN ti ìjọba àpapọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú. Ohun tí mò ń béèrè kò ju pé kí owó tó hàn sí oníbàárà ní àmì méjì, èyí tí báńkì fi yá a àti èyí tí wọ́n ti san tán, kí ọjọ́ kan sì wà tí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ di èkejì tàbí kó kúrò.

Títí ìyẹn yóò fi dé, kí ẹni tó bá gba sọ̀wédowó lọ́wọ́ àjèjì má fi kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó hàn lójú fóònù tó. Ẹni tó bá ṣèèṣì kọ owó lé, kó gba sọ̀wédowó rẹ̀ padà kó kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn nìyẹn, kì í ṣe òfin. Àwọn tó lè tún òfin ṣe kò farasin: Federal Reserve àti CFPB, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni wọ́n jọ ń ṣàkóso Regulation CC lórí ọ̀rọ̀ ìgbà tí owó gbọ́dọ̀ ṣeé ná, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ni Uniform Commercial Code tirẹ̀. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni òfin ní kí wọ́n ṣí Regulation CC láti fi ọ̀wọ́n gógó ọjà tún iye inú rẹ̀ ṣe. Wọ́n ṣe é ní 2020, tí 200 dọ́là tí báńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú sílẹ̀ di 225. Wọ́n ṣe é ní 2025, tí 225 di 275. Oṣù July 2030 ni yóò tún kàn. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Houston, Chicago àti Maryland, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ físà, mọ ilé tí wọ́n lè kọ èyí sí.